Èrò Òǹkàwé Kẹsàn-án

"Irọ́ ni! Irọ́ funfun báláú!"

Tíṣà Àgbà ju ìwé náà sórí tábìlì, díẹ̀ ló kù kó gbá ike gọ́ọ̀mù ṣubú. Akọ̀wé ilé ìkàwé fi ọwọ́ kan di ike mú, ó fi ọwọ́ kejì gba ìwé. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n na ìbọn sí obìnrin nínú báńkì," ni bàbá náà wí, "kò ké, kò bẹ̀bẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí fáànù ń yí! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó kọ ìwé yìí kò rí ìbọn rí láyé ẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe, sà."

"Kí ló ṣeé ṣe? Kó má rí ìbọn rí, àbí kéèyàn máa ka fáànù?"

"Méjèèjì, sà."

Tíṣà Àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí mà lẹ́nu, ó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn ìwé ìròyìn lọ láti lọ bá wọn jà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìbáwí.

Kò mọ̀. Ta ni ì bá sọ fún un? Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kàṣíà ni obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ní báńkì kan lápá kejì ìlú. Àwọn adigunjalè ti àwọn méje mọ́nú ibẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Òun náà kò ké. Bí a bá ń sunkún à á máa ríran, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìríran nìkan ló ṣe ní tiẹ̀, ẹkún kò wá. Nígbà tí wọ́n jáde, gbogbo ayé ní kó dúpẹ́, ó sì fi ẹnu dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, inú rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún títí ohùn wọn fi há, òun ló ń to àga fún àwọn àlejò. Wọ́n ní akin ni. Akin kọ́ o. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìyẹn ló sì bẹ́ láàárọ̀ yìí.

Kafinta ni ọkọ rẹ̀. Ó ń to ayùn àti òòlù sínú àpò nígbà tí obìnrin náà jí bá a. Iṣẹ́ òrùlé wà fún un ní ìlú kan tó jìnnà, iṣẹ́ ọdún méjì, mọ́tò yóò sì gbéra ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

"Ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì," ni ọkùnrin náà wí, kò wò ó lójú. "Bóyá mo tiẹ̀ máa dúró síbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan wà nínú ilé yìí tó fẹ́ kí n wà níbẹ̀. Tó o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó wá ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ̀ pé kò gùn. Ó sì mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá lọ, ilé tán nìyẹn. Ohun tó wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ."

Ẹ gbọ́ ná! Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí kò tilẹ̀ dákẹ́, oúnjẹ ló lọ sọ. Ọkọ rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ó dáa," ó sì fa síìpù àpò náà dé òkè.

Obìnrin náà wá síbi iṣẹ́ bó ṣe máa ń wá.

Òfin kan wà ní ilé ìkàwé yìí. Ẹ̀yìn gbogbo ìwé ìtàn ni wọ́n lẹ abala kan mọ́, pé kí ẹni tó bá kà á tán kọ èrò rẹ̀ síbẹ̀, kó má kọ orúkọ. Ọ̀gá wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Ẹ-dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tú àṣírí ìparí ìtàn fún ẹni tí kò tíì kà á. Nítorí náà, ìlà yòówù tó bá sọ bó ṣe parí, akọ̀wé á gé pélébé ìwé funfun, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bò ó. Obìnrin yìí mọ iṣẹ́ náà jù. Ohun tó ń kà kì í wọ̀ ọ́ lára.

Aago mẹ́rin ni àwọn òǹkàwé fẹ́ jíròrò ìwé àwọn tí wọ́n há mọ́ báńkì yìí, nítorí ó ti di ohun tí gbogbo àdúgbò ń tò fún. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé òun jẹ èékánná òun tán. Ẹnì kejì béèrè bóyá ọ̀nà oko ni àwọn ọlọ́pàá gbà wá. Ẹnì kẹta ní ọ̀gá àwọn adigunjalè náà wu òun í fẹ́, ẹnì kẹrin sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọlọ́run á ṣàánú ẹ." Ẹnì karùn-ún sọ ẹni tó kú, akọ̀wé gé ìwé, ó bò ó. Ẹnì kẹfà yin ìwé náà, ẹnì kéje náà yìn ín. Ẹnì kẹjọ ní, "Obìnrin yẹn kò lọ́kàn." Ìyẹn kò tú àṣírí kankan, ó fi í sílẹ̀.

Pẹ́ńsù tó nípọn ni ẹnì kẹsàn-án fi kọ tirẹ̀. Ojú akọ̀wé kàn bá "ìlẹ̀kùn ṣí" àti "ó jáde", ìyẹn tó. Ó gé ìwé, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yọ síta ní ìparí: "àwa ńkọ́?"

Ó ti fẹ́ pa ìwé dé kó tó rí lẹ́tà k náà. Ó dà bí àga tó ṣubú. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó ń kọ k báyẹn, ara ìlẹ̀kùn kíṣìnì ló sì ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú pẹ́ńsù pẹlẹbẹ tí àwọn kafinta máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́. Ó fa ìwé ìyáni, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó yá ìwé sí, yọ. Ọjọ́rú ni wọ́n yá a, ọjọ́ tí òun kì í wá síbi iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ìṣó!

Ó fi èékánná ṣí etí ìwé funfun náà. Gọ́ọ̀mù ti mú. Ó fà á, ó sì ya, tòun ti gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kó ègé ìwé tó ya náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ìwé èrò yẹn ńkọ́?" Màmá Ẹ-dákẹ́ ti dúró sí i lórí.

"Mo ti ya á, mà."

"Ìwọ? O ya ìwé?"

"Mo fẹ́ pe ẹnì kan, mà. Ní báyìí."

Màmá náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀yìnkùlé ni kó o ti pè é," ó wí jẹ́jẹ́. "Má sì pariwo."

Ọkọ rẹ̀ gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà.

"Dádì, kí lẹ kọ?"

"O ti kà á nìyẹn."

"Mo ti bò ó. Mi ò kà á dáadáa. Mo fẹ́ ṣí i, ó ya."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín gbígbẹ kan. "Èèmọ̀ rèé. Torí pé ìwọ lò ń kà wọ́n ni mo ṣe kọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Mo ní ẹni tó kọ ìwé yẹn tètè parí ẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí, obìnrin yẹn, ó jáde, ó tán. Mo ní àwa tá a dúró síta láti àárọ̀, àwa ńkọ́?"

Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Láti ọdún mẹ́ta, ọlọ́pàá ti bi í léèrè, dókítà ti bi í, oníròyìn ti bi í, ẹbí ti bi í títí ó fi sú wọn. Gbogbo rẹ̀ ló dáhùn. Òun kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí. Ó rò pé èèyàn méje péré ló wà nínú ọjọ́ náà.

"Níbo lẹ dúró sí?"

"Ìgbà wo?"

"Lọ́jọ́ náà. Níta."

Ó gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta táyà, lódìkejì títì. Wọ́n ní ká má sún mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí mo máa wo ilẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò mọ ibi tí èkejì ti bọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo rò pé..."

"Ẹ má sọ ìyókù lórí fóònù. Ẹ jókòó. Mò ń bọ̀ nílé."

"Mọ́tò aago mẹ́fà ńkọ́?"

"Kí mọ́tò máa lọ."

Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹkún kò bọ́, inú rẹ̀ kò sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ó ti ń rọ̀ fún àwọn tinú ìwé. Ó kàn fẹ́ mọ ẹsẹ̀ tí bàtà ti bọ́ ni, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè sọ ọ́ fún un.