Módẹ́ẹ̀mù Tó Kọ́ Sùúrù

Láyé ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń gba inú wáyà tẹlifóònù wọlé, módẹ́ẹ̀mù kì í wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á súfèé, á han goro, á wá máa hó bí òjò orí páànù, kó tó ráyè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ rí, ariwo yẹn ò tíì kúrò létí rẹ̀ dòní.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Ìbejì, ògbufọ̀, jókòó síwájú tirẹ̀, òógùn bò ó. Ìwé àkọ́kọ́ tí yóò gbé orúkọ rẹ̀ jáde ló fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá dé kí àwọn tó tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ìwé ẹlòmíràn làwọn máa gbé sórí ẹ̀rọ. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá ti rìn dé ìdajì ni módẹ́ẹ̀mù ń já a jù sílẹ̀.

Ó mọ ohun tó ń fà á. Bí ẹ̀rọ agbéniròkè ilé alájà tí wọ́n ń gbé bá ti gbéra báyìí, wáyà tẹlifóònù á ta pàrà, módẹ́ẹ̀mù á sì pa fóònù dé. Ló bá sáré jáde, ó lọ dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ọlọ́pàá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gba àtẹ̀gùn."

Màmá tó ń gbé lókè pátápátá wò ó látòkè délẹ̀. "Èmi? Pẹ̀lú orúnkún yìí? Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Ó gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà tí Bàbá Ìbejì fi máa padà sí yàrá, módẹ́ẹ̀mù ti dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti gba àga. Rédíò lobìnrin náà ń tún ṣe jẹun. Etí rẹ̀ mú.

"Àwọn nọ́ńbà kan wà nínú módẹ́ẹ̀mù yìí tí ìwé ìlò tó bá a wá ò mẹ́nu bà rárá," ló wí, ó ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà lọ. "Mo ti ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tẹ́tí sí i. Òmíràn pa á lẹ́nu mọ́. Òmíràn sọ ọ́ di adití. Àmọ́ eléyìí ló ń sọ bó ṣe máa dúró pẹ́ tó tí kò bá gbóhùn ẹnìkejì mọ́. Mo ní kó dúró dáadáa. Mo sì dín eré ẹ̀ kù."

"O dín kí ni kù? Ìyá Ìbejì, o fẹ́ pa mí! Wọ́n ti fẹ́ tilẹ̀kùn!"

"Eré àsápajúdé lẹ ti ń sá láti àárọ̀. Ibo lẹ dé?"

Bàbá Ìbejì fa àpótí kan sún mọ́ ọn. Ó jókòó.

Módẹ́ẹ̀mù súfèé, ó wọlé, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ ni ẹ̀rọ agbéniròkè hó wùùù lẹ́yìn ògiri. Ohun gbogbo dúró. Bàbá Ìbejì di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Obìnrin náà ò tiẹ̀ mira. Módẹ́ẹ̀mù dúró, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Ọkùnrin náà kò wo kọ̀ǹpútà mọ́. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Bí módẹ́ẹ̀mù ṣe fi wáyà sílẹ̀ ni fóònù dún. Ilé ìtẹ̀wé ni.

"Ìwé yín dé, ó pé pérépéré, ó ti ń lọ sórí ẹ̀rọ. Ta ló bá yín ṣe é? Tiwa níbí náà ń já wa jù sílẹ̀."

"Ìyàwó mi ni!" Igbe ló fi sọ ọ́.

"Ẹ ní kí wọ́n má fọwọ́ kan módẹ́ẹ̀mù wọn kí n tó dé o," ni Ìyá Ìbejì wí, ó ti ń wá bàtà.