Ìrù-Ẹṣin Tí Bàbá Ṣa Bọ̀

Àyà elégbòogi náà já nígbà tó fa igi kan yọ nínú ìdì ewéko ìrù-ẹṣin tí bàbá rẹ̀ ṣa bọ̀ láti etí odò. Ewéko yìí kì í tanná, kì í so. Oríkèé-oríkèé ló ga, bí ìrèké tí ebi ń pa. Àwọn tó ń fi omi la egbòogi léraléra bíi tirẹ̀, títí ojú ò fi ní rí i mọ́, kà á mọ́ ti àpò ìtọ̀, ọmọ tó ń tọ̀ sílé ni wọ́n ń fún. Ṣùgbọ́n ó ní ìbátan kan tó jọ ọ́ bí ìbejì, májèlé tó máa ń dá ẹran ọ̀sìn wólẹ̀. Ara ẹ̀ka la ti ń dá wọn mọ̀: ti rere, abala àkọ́kọ́ ẹ̀ka rẹ̀ gùn ju àkọ̀ kékeré tó wé mọ́ igi lọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kúrú. Ó fa òmíràn, ó tún kúrú.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti rẹ ọ̀pọ̀ nínú ìdì náà sínú ọtí líle, aránṣọ àdúgbò sì ti jókòó sí pálọ̀, ó ń dúró de oògùn ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe òun lẹ ṣa."

"Ibi tí mo ti ń ṣa á kí wọ́n tó bí ẹ náà ni." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé tá a bá là á tán, kò sẹ́ni tó lè rí i nínú omi mọ́. Kí ló wá kù tó máa ṣe èèyàn ní jàǹbá?"

"Tí ire tá ò rí bá ń ṣiṣẹ́, Bàbá, ibi tá ò rí náà á ṣiṣẹ́."

Inú bí bàbá. Agídí rẹ̀, kò sí ẹbí tó fẹ́ gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ti wá. Ó bu ògidì oògùn tí wọ́n rẹ sínú ọtí náà sínú ife, ó gbé e sẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ rá ọwọ́ náà mú, oògùn sì dà sí wọn lára.

"Ojú yín ni, Bàbá. Ẹ ò ríran dáadáa mọ́."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí nínú ilé náà. Wọ́n kàn ń gbé àpótí kúrò lọ́nà fún un ni, wọ́n á sì ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ni wọ́n ń gbá.

"Ó ti pẹ́ tó o ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"O wá ń jẹ́ kí n máa ṣa ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń mu?"

Ìtìjú bo elégbòogi náà.

Bàbá gbé ife sílẹ̀, ó fọwọ́ tọ ògiri dé pálọ̀. Ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ọ láti inú yàrá.

"Ẹ má bínú, aránṣọ, kò sí oògùn lónìí. Ojú mi ti bàjẹ́, mo ṣi ewé ṣa." "Ìgò tẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣé ọmọ ti mu nínú ẹ̀?"

Elégbòogi náà di etí tábìlì mú. Kò tilẹ̀ rántí ìgò yẹn títí bàbá fi béèrè.