Ẹsẹ̀ Ìyá Titus

Doyin kì í bá àlejò sọ̀rọ̀. Inú ilé ní Parkchester, ní New York, ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ níwèé, ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbà ló sì ti gbọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun nìkan ló wà nílé tó lè tẹ̀ lé ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Titus, lọ sí kíléníìkì ní Soundview, kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn fún dókítà.

Dókítà Alexandra béèrè bí ara ṣe rí.

"Ara le," ni Ìyá Titus wí. "Sọ fún un pé ẹsẹ̀ kàn ń rìn mí wìnnìwìnnì ni. Kó fún wa ní nǹkan tá a máa fi pa á, ká máa lọ."

Bí wọ́n ṣe wí i ni Doyin túmọ̀ ẹ̀. Ta ni yóò pe àgbà ní onírọ́?

Dókítà ní kí wọ́n bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ìyá Titus ní òtútù ń mú àwọn. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra bọ́ ọ fúnra rẹ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, kí wọ́n tó rí ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta tó dúdú bí èédú. Doyin fara ti ògiri. Iwájú ẹsẹ̀ yìí ló ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀, ìbọ̀sẹ̀ funfun nìkan ló ń rí.

Dókítà ní ó jọ ìtọ̀ ṣúgà; tí wọ́n bá dé ọsibítù lónìí, ó lè jẹ́ ìka nìkan ni wọn yóò gé. Tí wọ́n bá padà sílé, ẹsẹ̀ lọ nìyẹn, bóyá ẹ̀mí pàápàá.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́?"

"Rọra sọ̀rọ̀. A kì í jẹ́ kí dókítà mọ bó ṣe le tó. Nígbà tí ìyá ìyá mi wà lọ́mọdé, ìjọ abúlé wọn ò ní dókítà. Òyìnbó kan ló ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oògùn inú àpótí rẹ̀ kì í sì í kárí. Ẹni tó bá lè dìde dúró, tó ní ó ti ń sàn, òun ló ń fún. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti le, pásítọ̀ ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́ fún àdúrà. Bí wọ́n ṣe gbé àbúrò ìyá ìyá mi padà sílé láìfún un ní nǹkan kan nìyẹn. Látìgbà náà, ilé wa kì í rojọ́ àìsàn."

"Màmá, New York la wà."

"Oògùn tiwọn kì í tán ni?"

Doyin kọjú sí dókítà, ó sì tú gbogbo ohun tó ti ń rí, tó pè ní ọjọ́ ogbó: lọ́fíńdà tí wọ́n ń fín sínú ìbọ̀sẹ̀, omi tí wọ́n ń mu ṣáá, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé wọn lọ lónìí." Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá."

Ìyá Titus fà á lọ́wọ́.

"Dìde. O ò tíì sọ ọ́ tán. Láti Àjíǹde tó kọjá ni ojú òsì mi ò ti ríran mọ́. Túmọ̀ ẹ̀ fún un, kó tó gbé fóònù."