Kọ̀ǹpútà Inú Pósí

Ẹni tó bá ń fi pósí jẹun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kò lè pọ̀. Bí Bàbá Onípósí bá ń kọjá, òdìkejì títì ni àwọn èèyàn ti ń kí i. Kò sí ẹni tí í sọ fún un pé "a ó máa ríra." Bó bá sì ṣèèṣì wo èèyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, olúwarẹ̀ a yára jókòó, kó má baà wọn òun. Ọkùnrin náà kò burú o. Ara rẹ̀ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibikíbi, iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Inú géèmù nìkan ló ti ní èèyàn. Àwọn mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí kò fojú rí rí, ohùn wọn nìkan ló mọ̀: Alágídí, Sárépawó, àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìjì. Ogun ni wọ́n jọ ń jà lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, kí ó sáré débẹ̀, kí ó jí i dìde. Dókítà ni wọ́n ń pè é. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀: ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń sá fún nítorí òkú, òun náà ló ń jí òkú dìde. Wọ́n ti bi í rí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní bẹ́ẹ̀dì lòun ń kàn. Kò kúkú fi gbogbo ara jẹ́ irọ́, nítorí kò tíì sí oníbàárà tó jí wá ráhùn pé igi ń gún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ òótọ́, àwọn náà á sá fún òun.

Àfi bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe gbọ̀n pìrì, tó rú èéfín, tó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìdíje ńlá wà ní ọjọ́ Sátidé. Alágídí fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: "Dókítà, bí ẹ ò bá ní lè wá, ẹ tètè sọ o, ká wá ẹlòmíì. A ò lè máa kú lófo." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun.

Ó kó ìwọ̀nba owó tó ní sápò, ó gba ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ pàtẹ gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń ta góòlù.

"Bàbá, ọpọlọ ẹ̀ nìyí. Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nìyí, òun ló wọ́n jù. Àpótí tí gbogbo ẹ̀ máa wọ̀ nìyí. Ẹ wò ó, gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, iná aláràǹbarà ló wà nínú ẹ̀."

Bàbá Onípósí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ni wọ́n fẹ́ fi iná tàn jẹ? Òun tó jẹ́ pé ara igi kọ́ ló ti ń jèrè, ara irin dídán tí wọ́n fi ń gbé pósí àti aṣọ yíyọ̀ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ ni! Ohunkóhun tó bá ti ń dán, èrè ọlọ́jà ló wà níbẹ̀.

"Gbé iná kúrò," ó ní. "Gbé gíláàsì kúrò. Kí nìwọ̀nyí tó ń yí bìrìbìrì?"

"Fáànù ni, bàbá. Òun ló ń fún un ní atẹ́gùn."

"Kí ló fẹ́ fi atẹ́gùn ṣe? Ṣé ó ń mí ni?"

"Bàbá, ó máa gbóná o."

"Gbé e kúrò." Nínú gbogbo oníbàárà tirẹ̀, kò sí èyí tó bèèrè atẹ́gùn rí.

Ó fa téépù yọ, ó wọn káàdì náà, ó ní ṣé wọn kò ní èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní iye kan náà. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu.

"Àpótí wá ńkọ́, bàbá? Inú kí lẹ máa kó o sí?"

"Ọmọ mi," ó ní, "bí ohun kan bá wà láyé tí èmi kì í rà, àpótí ni."

Pósí kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́, tí kò sẹ́ni tó rà á. Inú rẹ̀ ló to kọ̀ǹpútà náà sí bó ṣe yẹ ọmọlúàbí: ọpọlọ níbi orí, káàdì níbi àyà. Ẹ̀rọ tó ń pín iná ì bá wà níbi ẹsẹ̀, wáyà rẹ̀ ni kò gùn tó, ló bá gbé e sí ìbàdí. Kò pẹ́ tó tàn án tí òórùn rọ́bà gba ilé kan. Ó bú ara rẹ̀ dáadáa. Ó wá lu ihò sára pósí yíká, ó gbé fáànù onídùúró tó fi ń gba atẹ́gùn fúnra rẹ̀ sí ìdí ẹsẹ̀ pósí náà. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ológbò tó yó.

Lọ́sàn-án Sátidé, ìdíje ti gbóná, ó ti jí Alágídí dìde lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí obìnrin àgbàlagbà kan wọlé. Obìnrin náà dúró, ó tẹjú mọ́ pósí tí wọ́n ń fẹ́ fáànù sí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló wà nínú ìyẹn?"

"Kò sí ẹnì kankan, màmá. Kọ̀ǹpútà ni."

"Yéè! Kí ló pa á?"

"Kò tíì kú, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, ẹnìkan ti ṣubú, mo fẹ́ jí i."

Màmá náà wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó rí ọkùnrin kan tó na gbalaja sílẹ̀. Ọkùnrin náà ṣàdédé dìde, ó gbọn eruku nù, ó sá lọ.

"Ọkọ mi ló kú láàárọ̀," ó ní. "Ilé ìwòsàn ní kí n gbé pósí wá kí wọ́n tó tilẹ̀kùn."

"Háà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, màmá."

Bó bá dìde, àwọn èèyàn rẹ̀ á kú tán. Bí kò bá dìde, kò yẹ kí obìnrin tí ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú tó báyìí máa dúró dè é. Ló bá fa àga fún un, ó fi máòsì sí i lọ́wọ́.

"Màmá, ẹni tó bá ti ṣubú, ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ tẹ ibí yìí. Ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò." Ó sáré lọ sídìí pákó. "Báwo ni ọkọ yín ṣe ga tó?"

"Wọ́n fi orí kan ga jù mí lọ." Màmá kò gbójú kúrò lójú kọ̀ǹpútà. "Ẹ má jẹ́ kí pósí náà há mọ́ wọn o. Wọn kì í fẹ́ ibi tó há."

Ó tẹ ibi tó yẹ. Ìjì dìde nílẹ̀.

"Ó jí!" màmá kígbe. "Ó jí o! Ṣé bó ṣe rọrùn tó nìyí?"

"Ibẹ̀ yẹn nìkan ni, màmá."

Ìgbà yẹn ni Bàbá Onípósí rántí máìkì tó fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Dókítà," Alágídí bèèrè, "pósí wo ni wọ́n ń sọ yẹn?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo obìnrin tó jókòó sórí àga rẹ̀, ojú tì í.

"Pósí ni mò ń ṣe," ó ní. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, pósí ni."

Ó ń retí kí wọ́n máa jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò burú," Sárépawó figbe ta lójijì, "ṣùgbọ́n mo ti kú sẹ́yìn ògiri yìí látàárọ̀ o! Ṣé ẹ̀ ń wọ̀n mí lọ́wọ́ ni, àbí ẹ̀ ń bọ̀ wá jí mi?"

Màmá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì fa àga sún mọ́ ìdí pósí.

"Fara balẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Mò ń bọ̀."