Àwòrán Tí Akóredé Fi Tọrẹ

Akóredé fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ọlọ́gbọ́n fẹ́ràn ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ọdún karùn-ún nìyí tí òun àti Hàbíbátù ti jọ ń gbé nínú yàrá méjì ní Ẹgàn, ẹbí kan ṣoṣo kò sì tíì wá kí obìnrin náà rí. Ó ní òun ò ní bàbá, òun ò ní ìyá. Ààfáà tó so yìgì wọn gan-an ló dúró bí ẹbí ìyàwó. Bí Hàbíbátù bá gbọ́ ohùn ará Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jà Ìkòtún, yóò ṣẹ́rí padà, kò ní rántí ata tó fẹ́ rà mọ́. Ó tún ní òfin kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya òun ní fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, fọ́tò ni ọkọ rẹ̀ ń yà jẹun o!

Lóṣù kẹwàá tó kọjá, àwọn tó ń kọ ìmọ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní èdè Yorùbá ṣe àpérò ọlọ́jọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìgàndò. Akóredé wà lára wọn, òun ló sì gbé kámẹ́rà wá. Lọ́jọ́ kejì, bátìrì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó bá òun gbé èkejì wá láti ilé. Hàbíbátù gbé e dé, ó sì dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ẹnì kan dá àpárá, Hàbíbátù bú sẹ́rìn-ín. Akóredé ti ki bátìrì bọnú kámẹ́rà. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìka òun ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Irọ́ ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ yà á ni.

Ilé àkójọ àwòrán kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò tọrẹ níbẹ̀, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà ni yóò gbé wá. Yóò kọ ibi tó ti yà á àti ẹni tó wà nínú rẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni lè lò ó títí ayé. Akóredé gbé fọ́tò ogójì láti àpérò náà síbẹ̀. Ó yẹ kó fi ti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ òun ló dára jù nínú gbogbo wọn, àti pé ta ló fẹ́ dá a mọ̀? Ó gbé e sí i, ó di mọ́kànlélógójì. Ká ní "obìnrin kan níbi àpérò" ló kọ sábẹ́ rẹ̀, ì bá tó. Ìfẹ́ ò jẹ́. Ó kọ ọ́ pé: Hàbíbátù Àwẹ̀ró, olólùfẹ́ mi. Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ló sọ ọ́ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi pe òun níta. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ara Hàbíbátù kò ti balẹ̀ mọ́. Yóò dúró láàárín ilé lọ́sàn-án gangan, yóò dẹtí sílẹ̀.

"Wọ́n ń wò mí," ló wí lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn tì, kọ́tìnì bo fèrèsé. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n lára ni? Wọ́n pọ̀."

Akóredé lọ wo ojú ewé fọ́tò náà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn tó ti wò ó. Ẹ̀rù bà á, kò sì lè sọ fún un. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Bó bá gbé tíì gbígbóná dání, tíì náà yóò tutù kó tó kàn án lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ kan dé sábẹ́ fọ́tò náà. Sàlàkọ́ ló kọ ọ́, atẹ̀wé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wá àwòrán ọ̀fẹ́ tí yóò tẹ̀ sórí ìwé ìléwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ìgbà wo lẹ ya fọ́tò yìí? Èèyàn lè jọ èèyàn, àmọ́ orúkọ ńkọ́, oríkì ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Mo wà lára àwọn tó gbé e sínú sàréè. Ọdún kẹjọ rèé."

Ó fi àwòrán ìwé ìpè àdúà fídáù rẹ̀ tì í. Akóredé ṣí i. Ojú Hàbíbátù ló ń wò ó, tòun ti àpá kékeré abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Akúdàáyà ni, ẹni tó kú nílùú kan tó lọ ń gbé ìlú mìíràn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, àfi kí ará ilé rẹ̀ ṣáà má rí i. Bí wọ́n bá ti rí i, tí ó sì jẹ́ wọn lóhùn, kò tún lè dúró mọ́.

Akóredé sáré kọ̀wé sí Simeon, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó ilé àkójọ náà, pé kó bá òun yọ fọ́tò ọ̀hún.

"Màá yọ ọ́ níbí, ẹ̀gbọ́n," ni Simeon fèsì, "àmọ́ ó ti wà níbi mẹ́rìndínlógún mìíràn. Ẹ ti fi tọrẹ, kò ṣeé gbà padà."

Ó kọ̀wé sí Sàlàkọ́ náà: "Ẹ ṣì í mú. Kì í ṣe òun."

Kò tó wákàtí kan sí i, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lójú ewé rẹ̀, oníṣẹ́ kì í kúkú fi nọ́ńbà pamọ́. Ó gbé e pẹ̀lú ìbínú, àmọ́ ohùn obìnrin arúgbó ló gbọ́.

"Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Ohùn rẹ̀ lásán ni mo fẹ́ gbọ́. Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o!"

Fóònù náà ò sí lórí sípíkà. Síbẹ̀, Hàbíbátù tó ń dín dòdò ní kíṣìnì dáwọ́ dúró. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Akóredé fọwọ́ bo fóònù. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Má dáhùn. Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run. Màá sọ pé wọ́n ṣì ọ́ mú ni, wọ́n á gbàgbé."

"Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ yà mí," ni Hàbíbátù wí. "Mi ò bínú. Mo fẹ́ràn yín, mi ò sì fẹ́ lọ. Àmọ́ ìyá mi nìyẹn, ọkọ mi. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń pè mí tí mò ń dití sí i."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Màámi," ló wí, "èmi rèé."

Fóònù já lu ilẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà. Akóredé wo yàrá, ó wo kíṣìnì, ó pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Dòdò ń jóná lórí iná. Ó pa iná náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì mú fóònù. Ìyá àgbà náà kò tíì lọ.

"Ọkọ ọmọ mi," ló wí, "ẹ̀rín tó ń rín nínú fọ́tò yẹn, ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rín lọ́dọ̀ rẹ?"

"Lójoojúmọ́, Mọ̀ọ́mì."

"Alihamudulilahi. Ọdún méjì gbáko ni àìsàn fi dè é mọ́lẹ̀ kó tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti gbàgbé bí eyín rẹ̀ ṣe rí."

Akóredé fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ kò ráyè sọ ọ́. Arúgbó náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún fọ́tò tó yà.