Ẹ̀wù Ẹni Tí A Kò Lè Ṣẹ́gun

Ó ku ọ̀la kí àbúrò mi akànṣẹ́ wọ bàálù nígbà tó gbé ẹ̀wù ìjà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́ láti ìgbà tó ti pè mí ní púrúǹtù níwájú àwọn àna rẹ̀, torí pé mi ò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò fún un ní àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi rán ọ̀rọ̀ méjì sẹ́yìn ẹ̀wù yìí. 'Invincible' lókè, 'unbesiegbar' nísàlẹ̀."

"Ṣé àwọn télọ̀ yòókù ti kú tán ni?"

"Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tiyín."

Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ mo fajú ro. Mo ní mi kì í rán ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti rán èébú sáyà oníbàárà kan rí láìmọ̀.

"Ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ti òkè, èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ti ìsàlẹ̀, èdè Jámánì, torí ọ̀dọ̀ wọn la ti máa jà. Ẹni tí kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun rẹ̀ ni."

"Ìwọ tí adìyẹ ìyá wa máa ń lé wọlé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wọ ẹ̀wù náà kí n lè sàmì sí i. Bí mo ṣe fa téèpù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Gbogbo ẹni tí mo bá ń wọ̀n ló máa ń ṣẹ́jú. Mo tún fà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ó dúró bí òpó. Mo ṣe é lápá ọ̀tún, ó yẹrí kíá.

Mo ká téèpù náà.

Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń rán an, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá ní kó má lọ, yóò ní ìkùnsínú ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹbí ló mọ bí mo ṣe ń di nǹkan sínú. Bí mo bá sì dákẹ́, ẹ̀ṣẹ́ tó bá gba apá òsì wá, kò ní rí i títí yóò fi bà á.

Mo rán an tán, mo nà án sí i.

"Fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kí o gba ẹ̀wù rẹ."

"Kí lèyí, ẹ̀gbọ́n?"

"Púrúǹtù ni mí. Ṣáà gbà á."

Ó bo ojú. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan kiri inú afẹ́fẹ́, ó kan ògiri, ó kan máṣíìnì. Ẹ̀wù náà wà níwájú rẹ̀ gan-an.

"Ṣọ́ọ̀bù yín ṣókùnkùn."

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ti wọlé dé ìdí tábìlì.

"Ẹ má sọ fún ọ̀gá tó ń kọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n ja èyí nìkan."

"Mi ò ní fún ọ ní ẹ̀wù yìí."

"Torí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni?"

"Ti ọjọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀, a ó jọ sọ ọ́. Ojú rẹ là ń sọ báyìí."

Mo fa àga fún un. Ó jókòó, ó di fóònù mú pẹ́ kó tó tẹ nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀. Ó ń dún lọ́hùn-ún. Àwa méjèèjì ń gbọ́ ọ, ẹ̀wù náà wà lórí itan mi, ẹnikẹ́ni ò sì tíì gbé ìpè náà lọ́hùn-ún.