Ọwọ́ Bàbá Nínú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ iṣẹ́ mi. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gbẹ́ ère, tí mo ń mọ ọ́n, mo sì ti kọ́ èèyàn tó ju ogún lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ èèyàn bọ inú píópì tó bá jinlẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun yẹn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ àjà ilé ń pò mọ́mi, kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Bí ó bá ti ń gan, ó ń gbóná ni, bí ó bá sì ṣe pọ̀ tó ni ooru rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ni mo ki ọwọ́ bàbá mi bọ̀ ọ́.

Aránṣọ ni bàbá mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ran ṣòkòtò, wọ́n ṣì ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìlo awò. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́, wọ́n á kó ìka ọwọ́ méjèèjì wọ inú ara wọn, wọ́n á gbé e lé itan, wọ́n á wá mí kanlẹ̀. Ọwọ́ tó wà lórí itan yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ di ère. Obìnrin tó ni gbọ̀ngàn tí a ti fẹ́ pàtẹ ère ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé bí ère náà kò bá dé lọ́la, òun á fi iṣẹ́ ẹlòmíràn dí àyè mi.

Jẹ́lì tútù tí a máa ń fi gba àpẹẹrẹ ọwọ́ èèyàn ti tán. Ohun tó kù ni kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kun píópì sí wọn lọ́wọ́ ní fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́ẹ́rẹ́, apá kan lẹ́yìn èkejì, ìyẹn á sì gba ìdajì ọjọ́. Èmi tí sùúrù mi kò kún ṣíbí, mo ní ta ló ní àsìkò ìyẹn. Mo po píópì kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo tún bu iyọ̀ sí i kí ó lè tètè gan. Mo fi fasilíìnì pa bàbá mi lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìyá Alámọ̀," wọ́n ní. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń fi ẹrẹ̀ ba ilé wọn jẹ́. "Ṣé o ò ní fi mí mọ ògiri báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ ṣáà jókòó jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá mira pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, mi ò sì ráyè tún un ṣe."

Wọ́n kó ìka wọnú ara wọn, wọ́n sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Èmi kọjú sí ère mìíràn nídìí fèrèsé, mo ń dán an.

"Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́," wọ́n ní.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti ń gbóná o."

"Ẹ fara dà á, Bàbá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná."

N kò tilẹ̀ yíjú wò wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sọ nǹkan kan mọ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo rò pé ó ti ń tutù.

Nígbà tí mo yíjú, òógùn ń ro tótó láti àgbọ̀n wọn sórí ẹ̀wù. Wọ́n di ojú pinpin, wọ́n fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú. Mo gbọ́wọ́ lé ara bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì fà á padà kíá, nítorí ó jó mi láti ìta.

"Bàbá, ẹ yọ ọ́! Ẹ yọwọ́!"

"Kò yọ," wọ́n ní, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. "Mo ti ń fà á."

Mo da omi sí i, omi náà ṣàn dànù lórí rẹ̀. Ó ti di òkúta. Píópì ti wọ àárín àwọn ìka tó kó wọnú ara wọn, kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde. Mo gbé ṣísẹ́lì àti òòlù, mo na òòlù sókè, ọwọ́ mi sì dúró síbẹ̀. Ṣísẹ́lì yẹn ni mo fi ń gbẹ́ ipéǹpéjú, tí ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Lọ́jọ́ náà, n kò mọ ibi tí òkúta parí sí, n kò sì mọ ibi tí bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n kígbe. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ igbe bàbá mi rí.

Mo figbe pe wẹ́dà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹni tó máa ń bá mi jó irin tí mo ń fi sínú ère. Ó sáré wọlé, awò iṣẹ́ ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe fún Bàbá?"

"Má bi mí! Bá mi gé e!"

Ó fi ọ̀bẹ ya bọ́kẹ́ẹ̀tì dànù, ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gé irin. "Ẹ dì wọ́n mú," ó ní. "Kẹ́ ẹ máa wo ojú ibi tí mo ń gé. Tẹ́ ẹ bá rí pupa, ẹ gbá mi lẹ́yìn."

Ẹ̀rọ náà han gooro. Ìyẹ̀fun funfun ń fò bò wá lójú, mo la ojú mi sílẹ̀ sínú rẹ̀, mo ń wò bóyá ó máa pupa. Ó gé òkúta náà lápá ọ̀tún, ó gé e lápá òsì, ó ki irin bọ àárín, ó sì gbá a. Òkúta náà là sí méjì.

Mo ti rò pé ọwọ́ náà á pọ́n. Kò pọ́n. Funfun báláú ni àwọn ìka náà, le gbagidi, bàbá mi sì ní àwọn kò mọ nǹkan kan lára wọn mọ́. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju igbe wọn lọ.

Nínú mọ́tò wẹ́dà, bí a ti ń sáré lọ sílé ìwòsàn, mo bínú sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bínú. Ẹ̀rù ló sọ ara rẹ̀ di ìbínú. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pariwo látìgbà tó ti ń jó yín?"

"O ní tí mo bá mira, ó ti bàjẹ́ nìyẹn," wọ́n ní.



Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà kan wọlé tìwé tìwé. Ó ní ọwọ́ òsì á yè. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka mẹ́ta ti kú, àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi ń di abẹ́rẹ́ mú gan-an, bí wọn kò bá sì gé wọn lọ́jọ́ náà, ohun tó pa wọ́n á gun apá. Ó na ìwé sí bàbá mi kí wọ́n buwọ́ lù ú. Wọ́n wo ìwé, wọ́n wo ọwọ́ méjèèjì tí báńdéèjì bò mọ́lẹ̀.

"Dókítà, ṣé imú lẹ fẹ́ kí n fi buwọ́ lù ú ni?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Dókítà béèrè pé ta ni ọmọ wọn níbẹ̀. Mo wẹ̀yìn, bíi pé ẹlòmíràn wà lẹ́yìn mi.

"Gba bírò," bàbá mi wí.

"Bàbá, mi ò lè ṣe é."

"Ta wá ni yóò ṣe é? Tèmi kò ṣeé lò."

Gbogbo ère tí mo ti ṣe láyé ni mo máa ń kọ orúkọ sí nídìí, kí aráyé lè mọ ẹni tó ṣe é. Mo gba bírò lọ́wọ́ dókítà, mo sì kọ orúkọ mi.